Iná Ń Jó Nísàlẹ̀, Omi Kò Dì Lókè

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Àbẹ̀kẹ́ ni. Ẹ kú ara ríro, ẹ kú oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ yìí. Mo kúnlẹ̀ kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí àpótí ni mo jókòó sí, nítorí orúnkún mi ọ̀tún kò gba ìkúnlẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí ọyẹ́ ti kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi Àkàndé, mo kí yín, ẹ kú oko. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìtọ́jú Ìyá, Ọlọ́run yóò rí ẹni tọ́jú ẹ̀yin náà. Ẹ̀yin ọmọ ilé, àtẹni tó ń fọ́ èkùrọ́ lọ́wọ́, àtẹni tó ń sùn lábẹ́ igi ọsàn tó ní òun ń ṣọ́ ewúrẹ́, mo kí gbogbo yín.

Ẹ mọ̀ pé n kò mọ̀wé. Ìyá Dẹ̀bọ́rà ló ń bá mi kọ ọ́, aránṣọ tó ń gbé ẹ̀yìn ilé wa ní Sakété níbí, tó kọ́ ìwé Yorùbá nínú ìjọ. Mo ti sọ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi oyin sí i. Ó ní àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kò yẹ kí àgbàlagbà fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Mo ní ìyá mi ló kọ́ mi ní wọn.

Mo fẹ́ kí wọ́n ka ìwé yìí sókè ní agboolé, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ti oko dé. Kí olùkọ́ ìjọ tí yóò kà á má ṣe kà á sí Ìyá létí nìkan. Kí wọ́n pe Àṣàbí aláta pẹ̀lú, kó jókòó síwájú. Òun ló wá ná ọjà Sakété, tó yà kí mi, tó jẹ oúnjẹ mi, tó sì padà sí Igana lọ sọ pé mo fi àgbo ba ẹ̀rọ àna mi jẹ́, pé wọ́n ti ń lé mi. Ẹ̀gbọ́n mi wá ránṣẹ́ pé kí n di ẹrù mi kí n máa bọ̀, kí ìtìjú má baà pọ̀ jù. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kò bi mí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ kàn ní kí n máa bọ̀. Kò dùn mọ́ mi nínú. Ẹ wá gbọ́ ọ láti ẹnu mi.

Ẹ̀rọ tí a ń sọ ni fírígò. Àpótí irin funfun ni, ó ga dé èjìká mi, ilẹ̀kùn rẹ̀ nípọn bí ìrọ̀rí. Ràímì, ọkọ Ìdòwú ọmọ mi, ló rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń bójú tó oko ọ̀pẹ ní Pobẹ̀. Nígbà tí a gba òmìnira, tí wọ́n fa àsíá tuntun sókè, àwọn òyìnbó kan ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ohun tí wọn kò lè gbé wọ ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń tà. Àwọn ẹlòmíràn ra ibùsùn, wọ́n ra àga. Ràímì ra fírígò. Kò sí iná mànàmáná nílé wa, ṣùgbọ́n èyí kò lò ó. Epo fìtílà ló ń mu. Wọ́n á bu epo sí agolo kan tó wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á tan iná sí òwú rẹ̀. Iná ń jó nísàlẹ̀, omi ń dì lókè. Mo fi ojú mi rí i.

Ìyá, ẹ̀yin kò gbà á gbọ́. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá mo di yìnyín náà sínú èérún pákó, mo fi rán awakọ̀ kámíọ̀ sí yín, èérún pákó tútù ló dé Igana. Ẹ ránṣẹ́ padà pé Ọlọ́run ni ń da yìnyín, òkè ló sì ń gbà wá, pé èyí tó bá ti inú iná jáde, irọ́ ni. Gbogbo agboolé rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń fi pa mí lẹ́rìn-ín títí di òní. Ó dára. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, n óò dé orí ìyẹn.

Ẹ rántí ìdí tí mo fi wá síbí. Ìdòwú bímọ ọkùnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Gàníù, kò sì sí ẹni tó mọ bí a ṣe ń wẹ ọmọ nínú ilé yìí. Wọ́n ń bu omi lé e lórí bí ẹni ń fọ àwo. Àwọn ará ilé ọkọ ń pe Ìdòwú ní Sàfúrà láti ìgbà tó ti ń kírun. Orúkọ tí mo sọ ọ́ ni mo ń pè é, ó sì ń jẹ́ mi. Mo ń wẹ ọmọ, mo ń fọ́ èkùrọ́ díẹ̀, mo ń wo ojú ọjọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yìí kò mọ àgbà. Eruku pupa ń wọ inú oúnjẹ, ó ń wọ inú etí ọmọ. Kò sí ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀ iṣu tàbí àgbàdo. Àwọn oníṣòwò ni wọ́n, iye ọjà ni wọ́n ń sọ láti àárọ̀ dé alẹ́. Bí mo bá sì jáde sí ọjà, èdè Gùn ni ẹni tó wà lápá ọ̀tún mi ń sọ, Faransé ni ọmọ tó wà lápá òsì ń kọ́. Ẹnu mi a máa yún mi. Ẹ má ṣàánú mi, mo kàn ní kí ẹ mọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ yìnyín yìí kì í ṣe eré fún Ìdòwú. Nínú oṣù ààwẹ̀, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, gbogbo Sakété ń wá omi tútù láti fi ṣínu. Ìdòwú ń fọ́ yìnyín tà fún wọn. Wọ́n ń wá pẹ̀lú abọ́ àti kẹ́tù, wọ́n ń tò dé ojú títì. Òun ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó jẹ́ tirẹ̀ láti ìgbà tó ti wọ ilé náà. Ràímì ti sọ fún un pé bí fírígò náà bá ń ṣiṣẹ́, tirẹ̀ ni, bí kò bá sì ṣiṣẹ́, òun yóò tà á sí Àjàṣẹ́. Ọmọ tí kò ní ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe nílé ọkọ, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń jókòó.

Ìyá Ràímì, àna mi, kò kórìíra fírígò náà. Ó fẹ́ràn rẹ̀ jù ni. Ó fi aṣọ funfun tí wọ́n fi òwú hun bo iwájú àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dé ilẹ̀, bí ìyàwó tí wọ́n ń mú lọ sílé ọkọ. Ṣúgà ló fi gbogbo ayé rẹ̀ tà. Nínú ilé àwọn oníṣúgà, ohunkóhun tó bá ní ẹsẹ̀ kì í fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ gbẹ: wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ tábìlì àti ẹsẹ̀ pẹpẹ sínú agolo omi kí èèrà má baà gùn ún. Nígbà tí Ìdòwú ń kó ṣúgà àti mílíìkì sínú fírígò, Ìyá Ràímì ní kí wọ́n ṣe ẹsẹ̀ òun náà bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ègé igi sínú agolo mẹ́rin, wọ́n gbé ẹsẹ̀ fírígò lé igi, wọ́n bu omi yí i ká. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bu omi kún un, ó ní ọwọ́ ẹlòmíràn kò mọ́ tó. Èèrà kò gun fírígò lóòótọ́. N kò ní parọ́ mọ́ ọn.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àwo irin pẹlẹbẹ kan ló wà lókè nínú fírígò, inú rẹ̀ ni omi ń dì sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, yìnyín tó ń jáde nínú àwo náà nípọn lápá kan, ó fẹ́lẹ́ lápá kejì bí èèpo alùbọ́sà. Àwọn oníbàárà ń jà sí èyí tó nípọn. Obìnrin kan ní, "Sàfúrà, ta ló ń lá tiwa kó tó kàn wá?" A rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa rí yìnyín náà, kò sí ẹni tó bi í léèrè ohun tó ń ṣe é.

Lẹ́yìn náà ó di rẹ́dẹ̀rẹ́dẹ̀ bí ògì tí kò jinná. Lẹ́yìn náà ó di omi tútù lásán. Nígbà tí oṣù ààwẹ̀ fi máa dé ìdajì, omi inú àmù mi tutù ju tirẹ̀ lọ, àmù mi kò sì mu epo.

Ìyọnu wá dé. Ràímì ní òwú iná ni. Òyìnbó náà ti sọ fún un pé iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àwọ̀ aró, pé bó bá pọ́n bí iná ààrò, nǹkan ti bàjẹ́. A dọ̀bálẹ̀ wò ó, aró ni. Ó pààrọ̀ òwú náà síbẹ̀síbẹ̀. Omi kò dì. Ó ní èédú ló dí ihò tí èéfín ń gbà jáde. A so ìyẹ́ àkùkọ mọ́ ọ̀pá màrìwò, a fi gbá inú ihò náà, èédú tó jáde kò kún ìkarahun ìgbín. Omi kò dì. Ó ní wọ́n bu omi lu epo. Ó lọ bá elépo jà lójú gbogbo ọjà, ó ra tuntun, a fi aṣọ sẹ́ ẹ. Omi kò dì. Ó ní rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ti ń jẹ́ kí ooru wọlé. Mo ki etí ìborùn mi sí ẹnu ilẹ̀kùn náà, mo tì í, mo fà á, kò jáde. Mo ní kó wá fà á fúnra rẹ̀. Ó fà á, ó ya ìborùn mi. Omi kò dì.

Wọ́n wá ní ṣíṣí tí a ń ṣí i ti pọ̀ jù. Ìyẹn jẹ́ òótọ́. Gbogbo ẹni tó bá kọjá ló ń ṣí i láti wò ó bóyá ó tutù, wọ́n sì ń fi wíwò lé òtútù jáde. Mo gbé àpótí mi síwájú rẹ̀, mo jókòó tì í láti àárọ̀. Mo ń ṣọ́ àpótí irin bí ẹni ń ṣọ́ ìrẹsì lọ́wọ́ ẹyẹ. Ràímì gan-an wá ṣí i, mo ní kó padà. Ó ní òun ló rà á. Mo ní kó lọ jókòó nínú rẹ̀ nígbà náà. Omi kò dì.

Ó mú ọkùnrin kan wá láti Àjàṣẹ́ tó ń tún rédíò ṣe. Ọkùnrin náà gbé etí lé e, ó fi ìka kàn án gọ́gọ́gọ́, ó ní afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti kú. Mo bi í pé báwo ni afẹ́fẹ́ ṣe ń kú. Ó bá Ràímì sọ Faransé kí n má baà gbọ́. Ó ní kí wọ́n gbé e fún òun lọ sí Àjàṣẹ́. Mo ní ohun tó bá ti ibí lọ sí Àjàṣẹ́ nínú irú ọ̀rọ̀ yìí, orúkọ rẹ̀ nìkan ló ń padà. Ràímì gbà pẹ̀lú mi lọ́jọ́ yẹn. Ó jẹ́ ìgbà ìkẹyìn tó gbà pẹ̀lú mi fún ìgbà pípẹ́.

Nítorí pé Ìyá Ràímì ti rí ìgò àgbo. Àgbo inú rírun Gàníù ni, ewé tí mo fi ọwọ́ mi já. Mo gbé e sínú fírígò kó má baà kan. Ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Àmọ́ nígbà tí omi kò dì mọ́, ó gbé ìgò náà sókè lójú àwọn tó wá ra omi ìṣínu, ó ní, "Ẹ̀rọ òyìnbó kò bá ewé tan." Bẹ́ẹ̀ ló wí, ó sì gbé e padà jẹ́jẹ́ bí ẹni tó rí ejò. N kò kírun. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó wá fẹ́ ọmọ mi. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kọjá, àwọn obìnrin a fa abọ́ wọn mọ́ra. Àṣàbí bá wọn níbẹ̀. Àṣàbí, ìwọ tí o jókòó síwájú, o gbọ́ ìdajì, o gbé odidi lọ.

Ní òwúrọ̀ kan Ràímì pè mí. Ó jókòó lórí ẹní, ó mú fìlà dání, kò wo ojú mi. Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ kí àwọn ará ilé ní Igana fún ìgbà díẹ̀. Ká kàn wò ó." Mo bi í pé kí ni a fẹ́ wò. Ìdòwú pọn ọmọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ilẹ̀. Ọmọ tí mo bí kò lè gbé ojú sókè fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi, ìtìjú tí ẹ ń sọ, ìyẹn ni.

Ẹ wo ibi tí wọ́n tì mí sí. Bí mo bá lọ, tí nǹkan náà sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì nítorí ohun tó wù ú, orúkọ mi ti bàjẹ́ títí láé, ọmọ mi yóò sì máa gbé nílé àwọn tó mọ ìyá rẹ̀ sí oníṣẹ́ ibi. Bí mo bá dúró, wọ́n á ní mo ń ṣe agídí, wọ́n á ta fírígò, wọ́n á ní èmi ni mo gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ mi. Mo wá ní n óò lọ lẹ́yìn ọjọ́ ọjà, nítorí kámíọ̀ Pobẹ̀ kì í wá kí ọjọ́ ọjà tó pé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí di ẹrù. Inú ń bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi aṣọ Gàníù di mọ́ tèmi, mo tún tú u.

Mo yọ ìgò àgbo mi kúrò nínú fírígò. Abọ́ tí mo fi ń sẹ́ àgbo ti gbẹ, ewé lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Mo gbé e lé orí fírígò, mo bu omi sí i kí ewé náà lè rọ̀. Omi náà ń ṣàn dànù lápá ògiri, nígbà tí apá tèmi kò tí ì kún, ó ṣì ku ìka kan kó dé ẹnu. Omi bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀. Mo bú abọ́ náà. Mo gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí sìmẹ́ńtì, mo bu omi sí i, ó kún dọ́gba yíká. Mo gbé e padà sókè, ó dànù lápá ògiri. Yìnyín tó nípọn lápá kan wá sí mi lọ́kàn, apá ògiri ló ti nípọn. Mo ká aṣọ ìyàwó tó bo fírígò náà sókè.

Ègé igi mẹ́ta dúró ṣinṣin nínú agolo wọn, ìrókò ni wọ́n. Ẹ̀kẹrin, èyí tó wà lẹ́yìn níbi ògiri, níbi tí ojú kì í dé, ti rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Àràbà ni. Ìka mi wọ inú rẹ̀. Ẹsẹ̀ fírígò ti rì sínú rẹ̀, gbogbo àpótí náà ti dẹ̀gbẹ́, aṣọ ni kò jẹ́ kí a rí i.

Mo pe Ìyá Ràímì, n kò pariwo. Ó wá pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Mo ká aṣọ sókè fún un. Ó wò ó pẹ́. Ó ní igi mẹ́ta ni gbẹ́nàgbẹ́nà rí gé fún òun, ẹ̀kẹrin ni òun fúnra òun ṣà lẹ́yìnkùlé. Mo ní ní Igana a kì í fi àràbà ṣe àpótí ìjókòó fún ọmọdé, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé a gbé e sínú omi, a gbé irin lé e.

Ó ní, "Ìyá Ìdòwú, ẹ má jẹ́ kí Ràímì gbọ́."

Mo ní, "Èmi kò ní sọ fún un. Ẹ̀yin lẹ ó sọ fún un."

"Ẹ wo ọjọ́ orí mi."

"Mo ti wò ó. A jọ dàgbà ni."

Ó sọ fún Ràímì lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹni ń bó iṣu fún ewúrẹ́ ló ṣe sọ ọ́, èèpo nìkan ló jù sílẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ fírígò yẹ̀ díẹ̀. Kò sọ ta ni, kò sọ igi wo. Ràímì pe àwọn aládùúgbò, wọ́n paná, wọ́n gbé e kúrò nínú agolo, wọ́n gbé e lé sìmẹ́ńtì. Mo gbé abọ́ omi lé e lórí, mo ní kí wọ́n máa fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tì í lẹ́sẹ̀ títí omi fi dọ́gba. Wọ́n tan iná. Gbogbo ilé dúró.

Omi kò dì.

Ìyá, mo rò pé n óò fi ẹsẹ̀ gbá a. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, omi náà lọ́wọ́ọ́wọ́. Ojú Ìyá Ràímì tún bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ẹrù mi wà ní dídì. Awakọ̀ kámíọ̀ tó gbé fírígò náà wá láti Pobẹ̀ ló yà mu omi, ó ní nígbà tí òun sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, ó ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, pé omi kan wà nínú irin rẹ̀ tí kì í ṣàn dáadáa bó bá dẹ̀gbẹ́, pé ó ti dàrú nígbà tó dùbúlẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ní láti sinmi kó tó padà sí ipò. Ó ní Ràímì ti bú òyìnbó náà tán kí omi tó dì. Ràímì ní òun kò rántí. Mo ní èmi gbà á gbọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì mo ń wẹ Gàníù lórí ẹsẹ̀ mi nígbà tí nǹkan kan kàn mí lẹ́yìn ọrùn, ó mú mi bí iná. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọmọ nù. Ìdòwú ló dúró lẹ́yìn mi, ó mú yìnyín lọ́wọ́, ó fi lé mi lọ́rùn. Mo bú u dáadáa. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Yìnyín inú àwo náà tẹ́ pẹrẹsẹ, ó nípọn dọ́gba láti etí dé etí.

Ẹ wá rò pé ọ̀rọ̀ parí. Kò parí. Àwọn oníbàárà padà, wọ́n ń gba yìnyín, wọ́n ń sọ láàárín ara wọn pé ó dára tí ìyá àgbà Igana kó àgbo rẹ̀ kúrò, pé ẹ wò ó bí nǹkan ṣe tún ṣe. Ohun tí mo bẹ̀rù gan-an nìyẹn. Mo ti yọ àgbo kúrò lóòótọ́, ẹrù ni mo ń dì. Ìyá Ràímì gbọ́ wọn. Ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ.

Mo wọlé, mo gbé ìgò àgbo, mo gbé e padà sínú fírígò níwájú gbogbo wọn, mo fi ìdí rẹ̀ jókòó lórí yìnyín. Mo ní kí wọ́n padà wá ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, kí ẹni tó bá rí omi wá bá mi. Wọ́n padà wá. Yìnyín ni wọ́n rà. Wọ́n rà á lẹ́yìn ìyẹn títí oṣù fi lé. Ìgò náà wà níbẹ̀ báyìí tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, Gàníù ń mu ún tútù, inú kò run ún mọ́.

Ràímì wá bẹ̀ mí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ó ṣì rò pé fírígò kàn yẹ̀ lẹ́sẹ̀ fúnra rẹ̀ ni. Nígbà tí iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi dé pé kí n máa bọ̀, mo ní ó tó. Mo wá sí ìsọ̀ Ìyá Dẹ̀bọ́rà, mo sì ní kí wọ́n lọ pe Ìyá Ràímì wá jókòó tì wá. Ó wá. Mo ní kí Ìyá Dẹ̀bọ́rà ka gbogbo ohun tí mo ti sọ títí dé ibí yìí fún un, láìfo ọ̀rọ̀ kankan. Ó gbọ́ ọ. Ó ní mo ti jẹ́ kí ọ̀rọ̀ igi náà gùn jù. Mo ní igi náà ló gùn, èmi kọ́.

Ó fi tẹ̀sùbáà sínú àpò. Ó wá sọ fún Ìyá Dẹ̀bọ́rà pé, "Kọ ọ́ pé èmi ni mo gbé àràbà síbẹ̀. Kọ ọ́ pé èèrà ni mo ń lé, n kò mọ̀ pé yìnyín ni mò ń lé. Ràímì yóò gbọ́ ọ lẹ́nu mi ní ìrọ̀lẹ́ òní, ní odidi. Bá mi kí ìyá wọn." Mo ní ó ti kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti kọ ọ́, ẹ̀yin náà sì ti gbọ́ ọ. Ó ṣì jókòó níbí, ó ń wo aṣọ tí wọ́n ń rán, ó ní gbogbo rẹ̀ ti wọ́n jù. Obìnrin líle ni. A ó jọ pẹ́.

Nítorí náà n kò ní bọ̀ báyìí, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti tú ẹrù mi. N óò wá nígbà tí Gàníù bá ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, kí ó lè rìn wọ agboolé yín fúnra rẹ̀. Aṣọ tí Ìdòwú fi ránṣẹ́ wà lọ́wọ́ awakọ̀, ti Ìyá ni, kí ẹnikẹ́ni má yá a lò.

Ìyá, Ọlọ́run yóò da ẹ̀mí yín sí. Ojú yín tó ń ṣe bàìbàì kò ní kú. Oko ẹ̀gbọ́n mi kò ní jó. Àwọn tó ń fọ́ èkùrọ́, òkúta kò ní fọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo Igana, ilé dé ilé, ẹ kí Àṣàbí náà, kí ó máa jẹun kó tó sọ̀rọ̀.

Mo tún di yìnyín rán sí yín. Mo fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé e, mo fi èérún pákó yí i ká, mo fi àpò ìdọ̀họ dì í, awakọ̀ sì ti búra pé òun kò ní dúró ní Pobẹ̀ jẹun. Bó bá dé ní yìnyín, ẹ kọ́kọ́ gbé e lé Ìyá lọ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Bó bá dé ní omi, Ìyá, ẹ bu ún mu. Nígbà tó kúrò lọ́wọ́ mi, ó le, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́